Èsì: Iṣẹ́ wo ni ogójì akẹ́kọ̀ọ́ lè parí lọ́jọ́ kan ní Gwagwalada?

Ẹ kú ìṣòro o. Ẹ ní ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ sọ pé iṣẹ́ ọjọ́ kan kò ní láárí. Ẹ bi wọ́n pé gọ́tà wo ló dí jù ládùúgbò. Gọ́tà kíkó máa ń parí lóòjọ́. Kíkọ́ ọmọdé níwèé kì í parí.

Oṣù Kejì tàbí Ìkẹta ló dára jù, kí òjò tó dé. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ pín ara yín ní mẹ́jọ-mẹ́jọ: mẹ́ta á mú ṣọ́bìrì, méjì á la ẹnu àpò sílẹ̀ fún ẹrẹ̀, mẹ́ta á máa gbé e. Àpò ò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Ẹrẹ̀ tútù wúwo, yóò fà á ya. Bàtà òjò pọn dandan, àfọ́kù ìgò pọ̀ nísàlẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á da ẹrẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọ́n á yàwòrán, wọ́n á lọ. Òjò àkọ́kọ́ á gbá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ sanwó ọkọ̀ tí yóò kó o kí ẹ tó rántí aṣọ ẹgbẹ́ (mo mọ̀ yín!), kí ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ sì bèèrè ibi ìdalẹ̀ lọ́wọ́ Area Council (ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀).

Ẹ rí mai-unguwa (olórí àdúgbò) ṣáájú, pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ Hausa.