Ṣé a lè gbé Màmá lọ sí Ìkógòsì?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ gbé ìyá ọkọ mi, ẹni tí orúnkún ń dùn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa lọ sí ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì ní Èkìtì. Ṣé omi náà kò ní bó wọn lára? Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ má fòyà, Ìyá Ìbejì. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, nítorí pé gbígbóná rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, èyí tó sún mọ́ ti ara ènìyàn. Omi òjò tó ti rì wọnú ilẹ̀ lọ jìnnà ni ooru abẹ́ ilẹ̀ ń mú gbóná, tí ó sì ń gba inú àpáta tó sán padà sókè.

Ẹ má ṣe kánjú kúrò níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Kí Màmá ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, kí ó ki èkejì bọ ìkejì. Àwọn ọmọ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́, èmi náà kò sì fẹ́ kúrò nígbà tí mo lọ! Orúnkún lè rí ìtura díẹ̀, ṣùgbọ́n kí Màmá má pa oògùn rẹ̀ tì, bí ó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀ dání.