Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Àtíbàbà Ọkọ̀ Wa Ti Bu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ra RV àlòkù kan, ilé orí táyà tó ní àtíbàbà lókè ẹnu ọ̀nà. Òjò ò dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Ìyàwó mi ní ká máa ká a ní gbàrà tí òjò bá ti ṣú. Èmi ní ṣebí torí òjò àti oòrùn ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní báyìí, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ti ń yọ lára aṣọ ẹ̀, ó sì ń rùn tá a bá tú u. Ta ló jàre? Kí la sì lè fi fọ̀ ọ́?
— Ọkọ Tó Ń Jiyàn

ÌDÁHÙN: Ọkọ Tó Ń Jiyàn, ìyàwó yín ló jàre, àmọ́ kò jàre tán.

Oòrùn ni wọ́n dìídì ṣe àtíbàbà ọkọ̀ fún. Òjò winniwinni ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Omi tó bá dúró lórí ẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tí omi bá dá adágún sórí aṣọ yẹn, ká ní ó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú àti lóòró, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kílò 100 lẹ gbé kọ́ apá irin méjì tó gbé àtíbàbà dúró. Aṣọ á fẹ̀, ọ̀pá tí aṣọ ń ká mọ́ á tẹ̀. Ọ̀pá tó bá sì ti tẹ̀ kì í ká aṣọ dọ́gba mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó sábẹ́ ẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ kan kalẹ̀ ju èkejì lọ kí omi lè gba igun kan ṣàn. Ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni o, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa dà sí yín lórí ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé. Tí atẹ́gùn bá ti ń le, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, tàbí tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ ká a pátápátá. Àwọn àtíbàbà kan tó ń fi ẹ̀rọ iná ṣiṣẹ́ máa ń ká ara wọn tí atẹ́gùn bá mì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e: atẹ́gùn ló mọ̀, kò mọ̀ pé omi ń kóra jọ.

Ibi tí ìyàwó yín ò ti jàre nìyí: ẹ ká a, ẹ ò tú u padà. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ká a ní tútù. Kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló burú, torí inú ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ ò dé ló ti ń bu. Tí òjò bá ti dá, ì báà jẹ́ fún wákàtí díẹ̀, ẹ tú u síta títí á fi gbẹ, lókè, nísàlẹ̀ àti lójú ìránṣọ.

Ní ti fífọ̀, ẹ fọwọ́ kàn án ná. Tó bá ń dán bíi tapólì, fínáìlì ni. Tẹ́ ẹ bá ń rí òwú tí wọ́n fi hun ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ akíríìkì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó fún méjèèjì. Tó bá jẹ́ fínáìlì, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú òkè, kẹ́ ẹ ká a pẹ̀lú ọṣẹ lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọṣẹ á kan ojú ìsàlẹ̀, á sì rẹ ìdọ̀tí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u, ẹ ṣàn án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù máa ń fa ìdọ̀tí mìíràn. Ẹ má fi bílíìsì kan fínáìlì, ó máa ń jẹ òwú ìránṣọ. Àmì dúdú tó ti wọnú lè má lọ tán, ṣùgbọ́n òórùn yẹn á lọ.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ àlòkù, ẹ dúró sábẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ tín-ín-tín, ihò ni. Ẹ lẹ tépù àtíbàbà mọ́ ọn lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà ni tiyín, ẹ má tú ìdí ọ̀pá yẹn wò o. Sípíríǹgì tí wọ́n lọ́ le dan-in wà nínú ẹ̀, ó lè ṣẹ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́.