Páwà sítíárìn mi ń jò: ṣé kí n kúkú yọ ọ́ dànù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mazda MX-5 ọdún 1994 ni mo ń lò, ẹ́ńjìnnì 1.8. Ìlọrin ni mo ń gbé, mo sì máa ń wà á lọ sí Òmù-Àrán lópin ọ̀sẹ̀. Páwà sítíárìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mẹkáníìkì mi ní kí n yọ bẹ́líìtì rẹ̀, kí n máa wà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú yọ gbogbo páwà náà, pé mọ́tò ìsáré ò nílò rẹ̀. Mo yọ bẹ́líìtì, ni sítíárìn bá le bí ẹni ń ti ògiri, AC náà sì dákẹ́. Kí ni kí n ṣe báyìí? Mi ò lè fara mọ́ ooru Ìlọrin láìsí AC.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ọwọ́ tó kan irin. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ti ṣe yẹn ló burú jù nínú gbogbo ọ̀nà tó wà. Yíyọ bẹ́líìtì kọ́ ni yíyọ páwà. Páwà ṣì wà nínú ráàkì yín, ìyẹn irin tó ń gba yíyí sítíárìn lọ sọ́dọ̀ táyà iwájú, ó kàn ti di ẹrù ni. Ní ti AC, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí òun àti pọ́ńpù páwà lára MX-5, nítorí náà kò lè ṣe kó má dákẹ́.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ráàkì. Páìpù irin gígùn ni, ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n gé eyín sí lára. Písítìn kékeré kan wà lára ọ̀pá yìí, òrùka kan tó le tó sì ń dán yí i ká, kí epo má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Epo wà lọ́tùn-ún písítìn, epo wà lósì. Nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́, ó ń fi agbára ti epo sí apá kan, epo yẹn ló ń bá yín ti táyà. Nígbà tí pọ́ńpù bá dúró, ọwọ́ yín nìkan ló kù tí yóò máa ti epo náà láti apá kan, gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ àti fáàfù, lọ sí apá kejì. Bí ìgbà téèyàn ń fi síríńjì ti oyin ni. Ìdí nìyẹn tó fi le ju sítíárìn tí kò ní páwà rárá lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀rẹ́ kì í sọ. Wọ́n ṣe MX-5 ayé ìgbà yẹn tí kò ní páwà láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n jíà tirẹ̀ yàtọ̀. Ráàkì onípáwà jẹ́ nǹkan bí 15 sí 1: ẹ yí sítíárìn ní digíríì 15, táyà yí ní ẹyọ kan. Èyí tí kò ní páwà jẹ́ nǹkan bí 18 sí 1. Bí ẹ bá sọ ráàkì onípáwà di aláìnípáwà, jíà 15 yẹn náà ni ẹ óò máa lò. Yóò máa tètè dáhùn, èyí ló dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ìsáré, ṣùgbọ́n yóò fi bí ìdá márùn-ún kan le ju ti ilé iṣẹ́ lọ nígbà tí mọ́tò bá dúró.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò gan-an. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi bẹ́líìtì padà, ẹ kún epo, ẹ wá jẹ́ kí ẹnì kan máa yí sítíárìn lọ́tùn-ún lósì bí ẹ ti ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Epo náà pupa bíi ti jíà ọ̀tọmátíìkì, nítorí ATF náà ni; bó bá ti dúdú bíi kọfí, ó ti pẹ́ tó ti ń gbóná jù. Bó bá jẹ́ ibi tí irin ti di hósì mú ló ti ń rọ̀, hósì nìkan ni ẹ óò pààrọ̀. Bó bá jẹ́ ìdí púlì pọ́ńpù ló tutù, síìlì pọ́ńpù ni. Ẹ fún rọ́bà búùtù tó bo ìpẹ̀kun ráàkì méjèèjì: bí epo bá ń yọ̀ nínú rẹ̀, síìlì inú ráàkì ti lọ, ráàkì yóò sì bọ́ sílẹ̀ bó ti wù kó rí. Ìgbà yẹn ni yíyọ páwà tó mọ́gbọ́n dání, torí iṣẹ́ ìtúlẹ̀ kan náà ni. Bó bá jẹ́ hósì lásán, tí ẹ sì ń fi mọ́tò yìí wọ Ọjà Ọba àti Post Office lójoojúmọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tún hósì ṣe kí ẹ fi páwà sílẹ̀. Ìwúwo tí ẹ óò yọ kì í sábà ju 10 kg lọ. Ohun tí èèyàn ń rí gbà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ́ ohun tí táyà ń ṣe lórí títì, ohun tí ó sì lè jò á dín kan.

Bí ẹ bá wá pinnu láti yọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ọ̀tì dí ojú ihò ráàkì tí epo ṣì wà nínú. Epo kì í fún pọ̀. Bó bá há sápá méjèèjì, sítíárìn lè kọ̀ láti yí, ó sì lè jẹ́ lójú kọ́nà. Ẹ má sì fi ihò náà sílẹ̀ gbayawu. Eruku ọyẹ́ á wọ inú rẹ̀, á pò mọ́ epo, á di bíi sáńpépà, á sì máa ha ọ̀pá náà.

Àwọn kan máa ń da epo nù, wọ́n á wá fi hósì kan so ihò méjèèjì pọ̀ kí afẹ́fẹ́ máa ti apá kan lọ sí apá kejì. Èyí kò léwu, ó sì fúyẹ́ ju bó ti wà báyìí lọ. Ẹ lè fi gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n òrùka písítìn ṣì ń fà lára páìpù, kò sì sí epo tí yóò máa mú un yọ̀ mọ́, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún.

Iṣẹ́ tó péye wà nínú ráàkì. Ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ gbé iwájú mọ́tò sórí ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì lásán. Ẹ tọ́ sítíárìn sí gbọọrọ, ẹ fi okùn so ó mọ́ àga kó má baà yí: bí airbag bá wà nínú rẹ̀, wáyà pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń já bí sítíárìn bá yí lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ ti tú. Ẹ fi péńtì funfun fa ìlà kan sórí ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti wọ ráàkì. Ẹ gbé agbada sísàlẹ̀, ẹ tú hósì méjèèjì. Bí ẹ bá ń tú ojú táyì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà, ẹ ka iye ìgbà tó yí kó tó bọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè dá a padà sí ìtòsí ibi tó wà.

Nígbà tí ráàkì bá wà lórí tábìlì, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣí i. Nọ́ọ̀tì ńlá kan wà lẹ́yìn ibi tí jíà kékeré wà, sípíríǹgì àti irin tó ń ti ọ̀pá mọ́ jíà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ wọ́n. Ẹ fa jíà kékeré náà jáde, ẹ wá fa ọ̀pá gígùn gba òdìkejì. Ẹ fi bíléèdì gé òrùka písítìn àti rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ má ha irin. Síìlì kan wà nínú páìpù lọ́hùn-ún, lápá ibi tí jíà wà. Irin gígùn ni wọ́n fi ń ti í jáde. Èkejì wà ní ìpẹ̀kun òdìkejì, nínú búṣì tó gbé ọ̀pá náà dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: síìlì inú búṣì nìkan ni kí ẹ yọ, búṣì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí ohun tó gbé orí ọ̀pá yẹn, gbogbo gálọ́ọ̀bù tí ẹ bá kọjá ni yóò máa kàn gbà-gbà.

Ó kù ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Láàárín ọ̀pá tó ti ọ̀dọ̀ sítíárìn wá àti jíà kékeré, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń lọ́ díẹ̀ bí ẹ bá yí sítíárìn. Lílọ́ yẹn ló ń ṣí fáàfù fún epo. Bí kò bá sí epo mọ́, lílọ́ náà á kàn di àlàfo díẹ̀ láàárín sítíárìn àti táyà, bíi rọ́bà. Àwọn tó fẹ́ kó mú ṣánṣán máa ń wẹ́ẹ̀dì ibi tí ọ̀pá òkè ti wọ inú jíà. Ẹ yọ gbogbo bẹ́ríǹgì àti síìlì kúrò lára rẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lójú ara rẹ̀, kó má lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ fi àkísà tútù di eyín jíà, torí bí iná bá dé ibẹ̀, eyín á rọ̀, á sì jẹ kíákíá. Kí wẹ́dà fi iná kan ojú mẹ́rin tó dojú kọ ara wọn, kó dúró kó tutù, kó tó so wọ́n pọ̀. TIG, irú wẹ́ẹ̀dì oníná gááṣì tó máa ń mọ́ dáadáa, ló dára jù fún un. Bí ẹ ò bá rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹ fi sílẹ̀ láìwẹ́ẹ̀dì. Irin àti irin ló máa ń gbá ara wọn mú bí lílọ́ yẹn bá dé òpin, nítorí náà sítíárìn kò ní já lọ́wọ́ yín. Àlàfo kékeré yẹn nìkan ni ẹ óò máa mọ̀. Wẹ́ẹ̀dì tí kò dára lára sítíárìn léwu ju àlàfo lọ fíìfíì.

Bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi gíríìsì kún ojú eyín ọ̀pá àti jíà, ẹ pa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára ọ̀pá yòókù àti búṣì. Ẹ má fi kún gbogbo páìpù. Ní báyìí tí kò sí síìlì mọ́, ẹ lè fi bóòtù àti wáṣà dí ihò epo kí eruku má baà wọlé. Nọ́ọ̀tì ńlá ẹ̀yìn yẹn ló gba sùúrù jù: ẹ fún un títí tí àlàfo á fi tán, kí ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí jíà láti òpin dé òpin. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan, pàápàá láàárín. Bó bá le jù, sítíárìn kò ní padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Bó bá dẹ̀ jù, ẹ óò máa gbọ́ ìró.

Ọ̀rọ̀ AC wá kàn. Pọ́ńpù páwà ni wọ́n fi ń fa bẹ́líìtì náà le, nítorí náà bí ẹ bá yọ ọ́, ohun kan gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi pọ́ńpù òfìfo sílẹ̀ níbẹ̀. Epo ló ń mú inú pọ́ńpù yẹn yọ̀. Bí kò bá sí epo, á gbóná, á há, á já bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe irin ìdúró tó nípọn dáadáa, tí ihò rẹ̀ gùn kó lè ṣeé sún, kí ẹ fi púlì oníbẹ́ríǹgì sí i, kó bá púlì AC àti ti ẹ́ńjìnnì dọ́gba lórí ìlà kan. Ẹ sún un sí àárín ihò, ẹ fi okùn tí kì í nà wọn yíká àwọn púlì náà, ìwọ̀n yẹn ni ẹ óò mú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bẹ́líìtì. Ẹ ka ìlà inú bẹ́líìtì àtijọ́ kí iye rẹ̀ bá ara mu. Wáyà kékeré tó wà lára pọ́ńpù, tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì pé kó yára díẹ̀ sí i bí mọ́tò bá dúró lójú kan, ẹ fi téèpù wé e, ẹ so ó jìnnà sí ibi tó gbóná.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe aláímẹ́ńtì lọ́jọ́ náà gan-an. Kí toe, ìyẹn bí iwájú táyà méjèèjì ṣe súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn wọn lọ, wà láàárín 0 sí 3 mm sínú. Ẹ ní kí wọ́n wo caster, ìyẹn bí ìlà tí táyà iwájú ń yí lé ṣe tẹ̀ sẹ́yìn: bó bá ti ga ni sítíárìn ń le. Nǹkan bí digíríì 4 máa ń dára fún MX-5 aláìnípáwà. Bí ẹ bá mú un wá sílẹ̀ jù, sítíárìn ò ní máa padà sí gbọọrọ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo. Ẹ má fẹ táyà jù: 185/60R14 ló bá a wá. Ẹ má sì fi sítíárìn kékeré aláṣehàn sí i. Bí ẹ bá ti mm 370 bọ́ sí 320, agbára tí ọwọ́ yín nílò ti fi bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ní wíwà rẹ̀, ẹ máa yí sítíárìn nígbà tí táyà ń yí, kódà bó ṣe díẹ̀ péré, kì í ṣe lójú kan. Ẹ má ki àtàǹpàkò sínú sítíárìn, torí bí táyà bá já sí kòtò, kò sí epo tí yóò gba gbígbá náà fún yín mọ́, irin sítíárìn lè yí lójijì kó fọ́ ìka.

Fún àwọn míì tó ní irú èrò yìí: gbogbo èyí jẹ́ ti páwà olóróró tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó bá jẹ́ mọ́tò tí iná ló ń ti sítíárìn rẹ̀, bíi Honda S2000, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mọ́tò iná wà lára ráàkì fúnra rẹ̀, ọ̀nà yìí kò bá a mu.

Lẹ́yìn bí kìlómítà 200, ìyẹn bí àlọ àti àbọ̀ Òmù-Àrán ẹ̀ẹ̀kan tàbí méjì, ẹ padà sábẹ́ rẹ̀: nọ́ọ̀tì táyì-rọ́ọ̀dù méjèèjì, bóòtù tó di ráàkì mú, bóòtù ọ̀pá sítíárìn, àti líle bẹ́líìtì AC. Bẹ́líìtì tuntun máa ń nà, ìgbà yẹn sì ni ẹ óò fà á le lẹ́ẹ̀kejì.