Kókó ọmú ìyá mi ń bọ̀ ní Ìlọrin: fíríìsà ni àbí fọ́máàlìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ kókó kan lọ́mú ìyá mi ní Ọ̀fà. Dókítà ní èmi ni màá gbé e wá sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò, kí n sì ra fọ́máàlìn, omi tí wọ́n máa rẹ ẹ́ sí kó má baà bàjẹ́, sílẹ̀. Láàbù ò ní gbà á àfi ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e sí fíríìsà, tàbí kí n rẹ ẹ́ sínú sípírítì. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dé ìdí fíríìsà. Omi inú ẹran á di yìnyín, yìnyín á sì fa sẹ́ẹ̀lì ya. Sípírítì ní tirẹ̀ á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ẹran á sún kì.

Ẹran tí wọ́n bá ti gé kúrò lára, èròjà inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Fọ́máàlìn ló ń dá a dúró: ó ń so àwọn purotéènì mọ́ra, ohun gbogbo á wà níbi tó wà. Ferdinand Blum ní Jámánì ló kíyè sí i pé ó ń mú awọ ìka òun le. Láti 1893 tó ti kọ ọ́ jáde la ti ń lò ó.

Àmọ́ kì í yára wọlé: bíi mìlímítà kan ní wákàtí kan, ó sì ń falẹ̀ sí i bó ṣe ń jìn. Wọ́n ti gbé kókó kan tó tó ọsàn wá bá mi rí, nínú ìgò oògùn ẹlẹ́nu tóóró, fọ́máàlìn ò ju ìdí ìgò lọ. Nígbà tí mo là á, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí ẹran bíbọ̀, àárín pupa, ó rọ̀ bẹ̀tẹ̀, ó ń rùn. Kò sí ohun tí mo lè kà níbẹ̀, kò sì sí òmíràn tí wọ́n lè padà lọ yọ. Ó dùn mí gan-an.

Nítorí náà, ike ẹlẹ́nu gbòòrò ni kí ẹ wá. Fọ́máàlìn 10% tí wọ́n ti pò, tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí kó má baà kan, ni kí ẹ rà. Kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, ó kéré tán. Kókó tó bá tóbi, dókítà ló mọ bó ṣe máa là á. Ara ike ni kí wọ́n kọ orúkọ màmá àti aago tí wọ́n yọ ọ́ sí, kì í ṣe orí ọmọrí. Ẹ má ṣí i nínú ọkọ̀. Òórùn rẹ̀ ń ta ojú, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀rọ̀ Jímọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹran ọmú kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 6 nínú fọ́máàlìn, kò sì yẹ kó ju 72 lọ. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, àyẹ̀wò tó máa sọ irú oògùn tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ lè ṣini lọ́nà bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀sán Jímọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ Ajé, 72 ti pé, a ò sì tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ bẹ dókítà kó sún un sí ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ sì wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá ṣeé sún, ẹ pe láàbù kó tó di Jímọ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan lè gbà á lọ́wọ́ yín ní Sátidé.