Ẹ béèrè, màá dáhùn: Ìgbì tí kì í kúrò lójú kan

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Munich ni mò ń gbé ní Jámánì, ọdún kẹsàn-án mi rèé níbí, nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti pé ẹni ọdún 41. Kò sí ìgbà tí mo gba afárá Prinzregentenstraße kọjá tí mi ò dúró wo àwọn tó ń gun ìgbì lórí odò Eisbach, màá dúró títí ọwọ́ mi á fi kú fún òtútù. Àwọn ìbejì mi (wọ́n ti pé ọdún 12) ló wá ní ká jọ lọ kọ́ ọ. Bàbá wọn ní ṣé orí mi pé ṣá. Mo mọ omi wẹ̀ díẹ̀, mo lè wẹ̀ dé òdìkejì súìmíǹ púùlù kí n sì padà, àmọ́ mi ò gun bọ́ọ̀dù kankan rí, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dúró lé gun ìgbì. Ṣé ọjọ́ orí mi ò ti kọjá ẹ̀? Ṣé odò yẹn náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó sanwó? – Ìyá Ìbejì, Munich

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n dàgbà. Ẹ jẹ́ n mú ìbéèrè yín kejì ṣáájú torí òun ló ká mi lára jù. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní Eisbach, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó látorí afárá, á dà bíi pé kò le, torí àwọn tó ń gùn ún ti pẹ́ nídìí ẹ̀, wọ́n kàn ń yí sọ́tùn-ún yí sósì bí ẹni ń jó ni. Àmọ́ omi ibẹ̀ ò jìn, òkúta àti kọnkéré ló wà nísàlẹ̀, ó tutù, eré tó sì ń sá kì í ṣe kékeré. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gùn ún, ọdún 2010 nìlú tó wá fọwọ́ sí i, àkọlé tí wọ́n gbé síbẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa nìkan ni kó wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, obìnrin kan, ẹni ọdún 33, ṣubú síbẹ̀ lálẹ́, okùn tó so bọ́ọ̀dù mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ há nísàlẹ̀ omi, agbára omi yẹn ò jẹ́ kó lè tú u, wọ́n gbé e dé ọsíbítù àmọ́ ó kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ti ibẹ̀ pa di ìparí oṣù kẹfà. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà, wọ́n ní ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 14 ò gbọdọ̀ gùn ún, okùn ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí téèyàn lè tú fúnra ẹ̀ kíá. Ẹ rí i pé àwọn ìbejì ò tiẹ̀ tíì tó ọjọ́ orí ẹ̀.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lọ ni púùlù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ìgbì, ọ̀kan wà nítòsí yín ní Taufkirchen, nínú Jochen Schweizer Arena, láti 2017. Inú ilé ni, kóòṣì wà níbẹ̀, èyí tó wá dáa jù ni pé wọ́n lè dín ìgbì yẹn kù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Odò ò lè ṣe ìyẹn fún yín.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí ìgbì yẹn jẹ́ gan-an, torí tó bá yé yín, gbogbo ohun tí kóòṣì bá ń pariwo á yé yín náà. Ṣé ẹ rántí àgbàrá òjò nílé, tó bá ń sáré bọ̀ nínú gọ́tà tó wá kan òkúta? Omi á gorí òkúta, á já wálẹ̀ lódìkejì, á wá wú sókè, ibi tó wú yẹn ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí òjò á fi dá, omi ló kàn ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ohun tó wà nínú púùlù náà nìyẹn. Pọ́ǹpù ńláńlá á ti omi, omi á sáré wálẹ̀ lórí pẹpẹ tó ṣe gẹ̀rẹ́, á lọ kó sínú omi tó jìn tó ń rìn jẹ́jẹ́, èyí tó ń sáré á kọlu èyí tó ń rìn, á wá dìde dúró. Ẹ̀yin ń yọ̀ wálẹ̀ lórí ẹ̀, omi náà ń gbé yín lọ sẹ́yìn, méjèèjì dọ́gba, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi wà lójú kan. Nǹkan ẹlẹgẹ́ sì ni o, torí ní oṣù kẹwàá 2025 tí wọ́n gbá ìdọ̀tí inú odò Eisbach kúrò, nígbà tí wọ́n dá omi padà, ìgbì tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn ò yọ bíi ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi wà ńbẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣe rí ni òkè ṣe máa rí.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n pé irú ìgbì wo ni tiwọn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní FlowRider àtàwọn tó jọ ọ́, ọdún 1991 ni wọ́n ṣí ọ̀kan ní New Braunfels ní Texas, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń sáré lórí ibi gẹ̀rẹ́ tí wọ́n tẹ́ nǹkan rírọ̀ sí, bọ́ọ̀dù ẹ̀ kékeré, kò ní lẹbẹ lábẹ́. Èkejì ni ti omi jíjìn, tó jẹ́ bọ́ọ̀dù surfing (gígun ìgbì) gidi tó ní lẹbẹ ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, ti Taufkirchen wà lára ẹ̀. Èmi ò ní parọ́ fún yín, ti omi jíjìn ni mo fara mọ́, ó sún mọ́ ohun tẹ́ ẹ rí lórí Eisbach, tẹ́ ẹ bá sì ṣubú inú omi lẹ máa bọ́ sí. Ti ìkíní, ìgbọ̀nwọ́ yín á jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ kejì.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹni ọdún 38 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gorí ẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ìró pọ́ǹpù yẹn létí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń hó wàà bíi jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá. Wọ́n ní kí n jókòó sétí púùlù, kóòṣì fi bọ́ọ̀dù lé orí omi ó fọwọ́ dì í mú, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí n fẹ̀ wọ́n ju èjìká lọ díẹ̀. Bọ́ọ̀dù yẹn ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ilẹ̀ dánfó tó dúró sí gáréèjì tí ò paná. Irin gbọọrọ kan wà tí wọ́n nà kọjá lórí púùlù, ó ní kí n di ìyẹn mú kí n sì dìde. Mo dìde. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ mo ti wà lẹ́yìn púùlù lọ́hùn-ún, omi ti gbé mi lọ síbi àwọ̀n irin tó ń dá èèyàn dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀keje, kóòṣì yẹn ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́, ó kàn na ìka sí ibi tí omi ti ń tú jáde níwájú, ó ní ibẹ̀ ni kí n máa wò, kí n má wo ibòmíì tí mo bá tilẹ̀ ń ṣubú. Mo tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ jó bàtá, mo gbójú sókè, mo jọ̀wọ́ irin yẹn, mo sì dúró. Ó ṣeé ṣe kó má tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá o, àmọ́ omi ń sáré lábẹ́ mi, èmi wà lójú kan, ẹ̀rù ò bà mí. Mo sunkún nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ayọ̀ ni.

Gbogbo ọgbọ́n inú ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ju ibi tójú ń wò àti ibi tí ìwúwo ara wà. Tí ara yín bá wúwo jù sẹ́yìn, ìdí bọ́ọ̀dù á rì, omi á gbá a mú, á gbé yín kọjá lẹ́yìn ìgbì. Tó bá wúwo jù síwájú, imú bọ́ọ̀dù á wọlé sínú omi, ẹ máa dojú bolẹ̀ ni. Àárín ni, kó fì díẹ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú. Ojú ló sì ń darí ara, ẹ ò lè wo ẹsẹ̀ kí ara má tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú kẹ́ ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú gbogbo ìwé yìí. Ẹ ṣubú pẹrẹsẹ, bí ẹni jókòó sínú omi tàbí bí ẹni fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ má forí sọlẹ̀ láéláé. Ẹ fi apá méjèèjì bo orí torí bọ́ọ̀dù yín ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ má sì gbìyànjú àtidìde dúró níbi tí omi ti ń sáré, ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ sẹ́yìn níbi tó ti rọlẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa ti jáde. Ní púùlù wọn kì í sábà lo okùn ẹsẹ̀, ẹ má bá wọn jà lórí ẹ̀, ẹ ti rí ìdí ẹ̀ lókè. Ti omi wíwẹ̀ yín tẹ́ ẹ ní díẹ̀ ni, ẹ fi oṣù kan tàbí méjì tún un ṣe kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ máa fi orí sábẹ́ omi kẹ́ ẹ sì máa yọrí láì jáyà, torí ìjáyà ló ń mú èèyàn mu omi.

Ìṣẹ́jú 45 tàbí wákàtí kan ni wọ́n sábà máa ń fún ẹgbẹ́ kan, ẹ máa tò sétí púùlù, ẹni tó bá ṣubú á jáde, ẹni tó kàn á wọlé. Torí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ máa lò lórí omi gan-an, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ẹ máa wo àwọn yòókù tẹ́ ẹ bá ń dúró, mo kọ́ púpọ̀ nínú wíwò. Wọ́n ní omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni, ìgbì yìí gan-an ò ní ṣàn kọjá yín, tẹ́ ẹ bá ṣubú nígbà 20 ẹ máa bá a níbẹ̀ nígbà 21. Fún àwọn ìbejì, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa ọjọ́ orí àti bí ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó.

Ẹ jọ̀ọ́, irun. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mo di ṣùkú lọ, hẹ́mẹ́ẹ̀tì ò wọ orí mi. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì, kó sùn mọ́ orí dáadáa. Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ bọ́ òrùka, kódà ti ìgbéyàwó, Bàbá Ìbejì á gbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bristol ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin kọ́ surfing ní The Wave níbí, púùlù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ìgbì, ó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa. A lọ sí Jámánì nígbà họ́lídè, ó gorí ìgbì tó dúró sójú kan, kò lè lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Inú ẹ̀ bàjẹ́ gan-an, ó ní òun ò ṣe mọ́. Kí ló fà á? – Bàbá Tólú, Bristol

ÌDÁHÙN: Bàbá Tólú, ẹ bá mi pẹ̀tù sí i nínú, kò gbàgbé nǹkan kan. The Wave tó ṣí ní 2019, ìgbì tó ń rìn bíi ti òkun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbì yẹn á máa bọ̀, èèyàn á dùbúlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, á fi ọwọ́ wà á, á fò dìde, ìgbì á wá máa gbé e lọ. Lórí èyí tó dúró, kò sí wíwà, kò sí fífò dìde, omi ló ń sáré wá bá a. Àwọn tó mọ ti òkun máa ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí wọ́n lè yí, ara wọn ti mọ́ ọn, ohun tó sì ń gbé wọn dànù níbí gan-an nìyẹn. Àyè ibẹ̀ tún há, ògiri á ti dé kó tó parí yíyí, ó gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún lọ, kó má tijú láti di irin tàbí okùn mú fún ìgbà àkọ́kọ́, bíi pé kò gùn rí. Mo ti rí àwọn tó mọ̀ ọ́n lókun tí wọ́n ṣubú ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n sì ń yí bó ṣe wù wọ́n lọ́jọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹni ọdún 19 ni mí, Èkó ni mo wà. Mi ò mọ ibi tí irú púùlù yẹn wà nítòsí mi. Ṣé mo lè fi etíkun Tarkwa Bay bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n ra bọ́ọ̀dù kí n kàn máa lọ? – Ọmọ Èkó

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o lè fi Tarkwa Bay bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń gun ìgbì tipẹ́, àwọn kan lára wọn mọ̀ ọ́n débi tó jẹ́ pé inú èèyàn á dùn láti wò wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi lo máa wọ̀ débẹ̀. Má tíì ra bọ́ọ̀dù, má sì dá lọ. Wá àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, yá tiwọn lò, jẹ́ kí wọ́n fi ibi tí omi ti ń fà hàn ọ́, torí òkun ò ní àwọ̀n irin lẹ́yìn tó máa dá ẹ dúró, tí omi bá ń fà ẹ́ lọ sínú kò sẹ́ni tó máa lọ pa pọ́ǹpù. Tó bá ń fà ẹ́, má bá a jà ní tààrà, máa wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìbú títí wàá fi kúrò nínú ẹ̀, kó o tó kọjú sí etíkun. Nílé, gbé pákó lé orí ìgò ike tó kún fún omi kó o máa dúró lé e, kó o máa wo ojú fèrèsé. Tó o bá lè dúró fún ìṣẹ́jú méjì láì wo ẹsẹ̀ ẹ, wọ ọkọ̀.