Èsì: Àpẹẹrẹ iṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ máa kọ̀wé ìlera

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún yín ń béèrè àpẹẹrẹ, ẹ ò sì tíì kọ nǹkan kan rí. Ẹ jókòó kọ méjì fúnra yín. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá sanwó fún un.

Ohun tẹ́ ẹ ń ṣàlàyé fáwọn ìyá lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ mú, bí omi iyọ̀ àti ṣúgà fọ́mọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kójú ṣíbí tẹ́jú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fọ́mọ. Nọ́ọ̀sì ló máa rántí ìyẹn, òun gan-an ni wọ́n sì ń torí ẹ̀ wá yín.

Àmọ́ o, ẹ má fi ìtàn aláìsàn kankan sí i. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, yíyọ orúkọ kò tó. Ẹ sáà kọ "tíṣà tó bí ìbẹta lọ́dún tó kọjá", gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n.

Tí ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún yín bá gba àpẹẹrẹ yín wọlé, ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀.