Wo Abẹ́ Rẹ̀ Kí O Tó Sanwó Àwọ̀: Lórí Anẹ́mónì Kápẹ́ẹ̀tì

Àbúrò mi ní Iléṣà, mo ti rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. O ní oníṣòwò kan ní Èkó fẹ́ ta anẹ́mónì kápẹ́ẹ̀tì pupa kan fún ọ, ẹranko inú òkun tó máa ń tẹ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì, tí a ń sìn nínú táǹkì ẹja olómi iyọ̀. Ó pè é ní gigantea, ó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọlé, kí o tètè sanwó kí ẹlòmíì tó gbé e. O wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Lójú tèmi, haddoni ni, irú anẹ́mónì kápẹ́ẹ̀tì mìíràn, kì í ṣe gigantea. Pupa rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ò tíì fi í hàn. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ fún ọ, torí irú tí ẹranko yìí bá jẹ́ ló ń pinnu ibi tí yóò gbé nínú táǹkì. Bí a bá ṣì í mọ̀, owó ti wọgbó nìyẹn.

Àwọ̀ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, àwọ̀ yìí náà ló sì ń tan ni jẹ jù. Haddoni aláwọ̀ ewé wà, gigantea aláwọ̀ ewé wà. Aró wà nínú méjèèjì, elésè-àlùkò náà wà. Abẹ́ ni kí o wò. Ẹni tó mọ aṣọ òkè rà kì í fi ojú rẹ̀ nìkan díwọ̀n, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè rí bí òwú ṣe kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí o ní kí oníṣòwò náà ya abẹ́ ẹranko yìí fún ọ, láti etí rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ tó fi ń dì mọ́ nǹkan.

Àwọn kókó wẹ́wẹ́ kan wà lára rẹ̀ lábẹ́ etí níbẹ̀. Lára Stichodactyla haddoni, wọ́n kéré, àwọ̀ wọn sì sábà bá ti ara rẹ̀ mu, débi pé o lè rò pé ara rẹ̀ dán ni. Lára Stichodactyla gigantea, wọ́n hàn ketekete: aró tàbí àwọ̀ osùn, lórí ara tó jọ àwọ̀ iyanrìn tàbí tó pọ́n díẹ̀. Stichodactyla mertensii ni ẹ̀kẹta. Ara tirẹ̀ funfun, kókó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí pupa tó ń fà sí elésè-àlùkò. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mú mọ́.

Lẹ́yìn abẹ́, wo àwọn ìka wẹ́wẹ́ tó bo ojú rẹ̀. Ti gigantea ń tín-ín-rín lọ sókè, wọ́n sì máa ń gbọ̀n láìsinmi. Ìdí nìyẹn tí fídíò fi dára ju fọ́tò lọ. Ti haddoni kúrú, orí wọn rí róbótó, ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ méjì, tí ìlà ìlà yóò máa ti ẹnu rẹ̀ lọ sí etí. Àwọn méjèèjì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ gan-an. Mertensii kì í lẹ̀ mọ́ni tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àpáta, ojú rẹ̀ sì lè fẹ̀ ju mítà kan lọ. Nínú fọ́tò tìrẹ, ìka kúkúrú ni mo rí, orí wọn mọ́ ju ìdí wọn lọ, ìlà ìlà sì wà níbẹ̀. Haddoni nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Modákẹ́kẹ́ ra ọ̀kan tí wọ́n pè ní gigantea elésè-àlùkò. Ó gbé e sórí àpáta lókè, lábẹ́ iná gangan, ibi tí omi ti ń ṣàn dáadáa, bí gigantea ṣe ń fẹ́. Ẹranko náà kò dúró. Ó tú ẹsẹ̀, ó ń rìn kiri. Nígbà tó di òru, ó kan ẹnu pọ́ńpù, pọ́ńpù sì fà á ya. Anẹ́mónì tó bá ya báyìí máa ń ba gbogbo omi jẹ́; kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja inú táǹkì ò lè mí dáadáa mọ́. Èmi ni mo bá a kó èyí tó kù jáde. Mo yí ìdí rẹ̀ wò: ó dán, kò sí kókó kankan tó hàn. Haddoni ni, iyanrìn ló sì ń wá kiri tí kò rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ yìí fún gbogbo ẹni tó bá bi mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tí o ń rí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe tiwọn. Àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló ń gbé inú ẹran ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń fún ẹranko tó gbà wọ́n sílé nínú rẹ̀. Àwọ̀ ewé àti àwọn àwọ̀ mìíràn tó máa ń tàn, ẹranko náà ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Nítorí náà, funfun báláú kì í ṣe irú ọ̀wọ́n rárá. Ẹni tó ti pàdánù àwọn ohun ọ̀gbìn rẹ̀ ni, ebi sì ń pa á. Irú wọn ni àwọn kan máa ń pa láró: yẹ́lò tó ń tàn yòò, pupa, búlúù. O máa mọ̀ ọ́n torí pé àwọ̀ kan náà ló jẹ́ láti ojú dé ẹsẹ̀, títí kan ètè ẹnu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ aró náà á ṣá, á ku ẹranko tó ti ń kú lọ. Inú máa ń bí mi sí ìwà yìí, torí ohun ẹlẹ́mìí ni.

Iná búlúù tún wà. Àwọ̀ máa ń tàn yanran lábẹ́ rẹ̀ débi pé ohun tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ iná funfun lè di ìyanu nínú fọ́tò. Padà lọ wo iyanrìn inú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ: búlúù ni. Iyanrìn funfun kì í dédé di búlúù. Haddoni pupa wà lóòótọ́ o, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n iná funfun ló máa jẹ́rìí sí i.

Bí wọ́n bá fi kékeré kan hàn ọ́, tí wọ́n ní ọmọ haddoni ni, ṣọ́ra. Ó lè jẹ́ Stichodactyla tapetum, tí kì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ bó ti wù kó dàgbà tó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ lọ súà. Ó lẹ́wà gan-an. Bí táǹkì rẹ kò bá tó lítà 300, òun gan-an ni màá ní kí o rà, nítorí haddoni lè fẹ̀ ju ìdajì mítà lọ, ó sì máa ń gbé ẹja mì. Kí o má kàn san owó haddoni lé e lórí.

Má sì jẹ́ kí clownfish, ẹja kékeré tó máa ń fi anẹ́mónì ṣe ilé, tó ń ṣeré nínú rẹ̀ fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Nínú òkun, irú clownfish tí wọ́n ń pè ní percula máa ń gbé inú gigantea, irú tí wọ́n ń pè ní polymnus máa ń gbé inú haddoni. Nínú táǹkì, ẹja tí kò rí ilé tirẹ̀ á wọ ilé tó bá rí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé etí òkun Èkó ni wọ́n ti kó o, irọ́ ni. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni haddoni, gigantea àti mertensii ti ń wá.

Ní kí ó ya fídíò lábẹ́ iná funfun, ojú àti abẹ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá là sílẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ya, fi í sílẹ̀, ì báà pupa tó báwo. Bí ara rẹ̀ bá dá, tẹ́ iyanrìn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀ dè é, fi kànìnkànìn bo ẹnu gbogbo pọ́ńpù, kí o sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, tó ń lo bátìrì, torí iná tiyín ní Iléṣà ò sàn ju tiwa ní Ifẹ̀ lọ. Àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n gbé e kúrò l'Ékòó nínú kúlà, kí oòrùn má bà á láàárín Ìkirè sí Gbọ̀ngán. Fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó. Bí mo bá rí kókó aláwọ̀ aró lábẹ́ etí rẹ̀, màá yí ọ̀rọ̀ mi padà, àpáta ni màá ní kí o gbé e sí.